Àmì Ohùn Lórí Oríkì Ìyá Mi

Wọ́n ní mo fọ́lé. Ó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ ọn nísàlẹ̀, pé mo wọ inú ẹ̀rọ wọn láìgba àṣẹ. Mo ti ka lẹ́tà náà títí ó fi ń ya lójú ibi tí wọ́n ti ká a. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe gan-an. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé ìyá mi ní Ìkirè, mo mú fóònù mi jáde, mo sì kọ oríkì ìyá mi bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Mo fi àmì ohùn sórí rẹ̀. Mo kán àmì kékeré sí ẹ rẹ̀ nídìí. Ó tán. Bí ìyẹn bá ń jẹ́ ìfọ́lé, a jẹ́ pé olè paraku ni gbogbo olùkọ́ Yorùbá tó wà láti ibí dé Gbọ̀ngán.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Èdè yìí ni mo kà ní yunifásítì, òun ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àpòmù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ mí sí ẹni tí kì í fojú fo àmì. Bí ọmọ kan bá kọ "oko" síwájú mi lásán, màá bi í pé ṣé oko tí bàbá rẹ̀ ń ro ni, àbí ọkọ ìyá rẹ̀, àbí ọkọ̀ tó gbé e wá sílé-ìwé. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí ènìyàn bá bọ́ kúrò lára ọ̀rọ̀ kì í ṣàì wá ẹni tí yóò ṣe léṣe.

Ìyá mi ń dín dòdò. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gé sórí ìrẹsì o. Dòdò Ìkirè ni mò ń wí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dé ibi tí ẹlòmíràn yóò ti dà á nù, tí wọ́n gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n wá dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú. Etí títì ló ti ń tà á, níbi tí àwọn tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ti máa ń tẹ bíréèkì. Ó ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Bí ẹ bá gbóòórùn ìwé-ẹ̀rí yunifásítì mi dáadáa, epo ló ń rùn.

Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó ń ta oúnjẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìyá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ni wọ́n darí wọn sí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo kàn ti rí ohun tí orúkọ ènìyàn ń dà nígbà tó bá já bọ́ síta ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì fún un ní bébà pélébé kan: pé kó lọ sórí ìkànnì àwọn lórí ayélujára láti wo èsì rẹ̀, kó tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kó sì fi oríkì rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà.

Inú ìyá mi dùn. "Wọ́n mà mọ àṣà o," ó sọ fún mi lórí fóònù. "Látọjọ́ tí mo ti ń lọ sí bánkì, tí mo ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, kò sẹ́ni tó bi mí ní oríkì mi rí."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí n ti gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nítorí kí ni oríkì? Òun ni ìyá ẹni fi ń dá ẹni lóhùn láàárọ̀ tí a bá kúnlẹ̀ kí i. Òun ni wọ́n fi ń rọ ènìyàn lọ́kàn tó bá ń bínú. Wọn kì í fi oríkì pamọ́. Ìgbà tí wọ́n bá pè é síta ló ń ṣiṣẹ́. Kò sí oníbàárà ìyá mi kan tí kò mọ tirẹ̀, torí pé bí o bá pè é tó dùn, èènì ń bọ̀. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́ sára pákó tó wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, kí àwọn tó ń rìnrìn-àjò lè pè é sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì, méjèèjì sì wà lórí ìṣó lára ilẹ̀kùn. Àjèjì kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí, kò mọ oríkì. Ọmọ wa ló ṣe é, ẹni tí ìyá tirẹ̀ náà ń pe oríkì rẹ̀ láàárọ̀, tí gbogbo agbo ilé sì ń gbọ́.

Ọjà kọ́kọ́ tutù. Ìyá mi rò pé òjò ni. Lẹ́yìn náà, àwọn awakọ̀ tó máa ń dúró bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán kí i, wọ́n á sì kọjá lọ dúró lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó rò pé bóyá epo tó ń lò ni kò dára tó. Ó pààrọ̀ epo. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí oníbàárà rẹ̀ kan, obìnrin tó ti ń ra dòdò lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ, wá dúró ní ọ̀ọ́kán láìmú owó dání.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi o," ó ní. "Wọ́n ní àrùn wà lára yín."

"Àrùn wo?"

"Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ènìyàn ni, Ìyá. Àbí ẹ̀yin ò mọ̀ ni?"

Ìyá mi kò mọ̀. Ibí yìí ni kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Fóònù rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń wọ ayélujára. Èmi ló ń dúró dè pé kí n wá ní Sátidé kí n bá a wò ó. Ẹ̀jẹ̀ inú ara rẹ̀ ni wọ́n fà, ara rẹ̀ ni wọ́n ti fà á, ó sì jẹ́ pé òun ló gbọ́ kẹ́yìn. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, èyí ni mi ò tíì lè gbé mì.

Mo gun ọ̀kadà láti Àpòmù lọ́jọ́ náà, mi ò dúró de Sátidé. Mo bá a níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ilé, agbada ti tutù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú odó láìgún. Kò sunkún. "Wò ó fún mi," ó ní. "Kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí mo bí, kó má jẹ́ ẹnu oníbàárà nìkan ni mo ti gbọ́ ọ."

Mo tẹ nọ́ńbà. Mo tẹ oríkì. Kẹ́ ló gbẹ̀yìn oríkì ìyá mi, bíi ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin, kẹ́ tó túmọ̀ sí ìkẹ́, ìgẹ̀. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀, torí mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ ọ́.

Ojú-ìwé náà kò ṣí. Kò sì sọ pé òun kò mọ̀ mí. Ṣe ló bì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà lórí ìlà, bí ẹni tí wọ́n fi ìka kàn ní ọ̀nà ọ̀fun. Mi ò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo lè kàwé. Kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wọn ń gbé inú rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní sáfà, kò mọ ohun tó lè fi ẹ tó ní àmì lórí tó tún ní kíkán nídìí ṣe. Dípò kó sọ ní ṣókí pé "ẹ tún un kọ", ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ gbogbo ara rẹ̀ fún mi: ẹ̀rọ tó ń lò, ibi tó ti kọsẹ̀, àti, nínú ìlà kan tó gùn, ibi tó kó èsì gbogbo ènìyàn sí, èyí tí wọ́n ń pè ní fódà. Àdírẹ́sì fódà náà wà níbẹ̀ gbangba bí àdírẹ́sì ilé.

Mo da àdírẹ́sì náà kọ sókè, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Kò bi mí ní oríkì, kò bi mí ní nọ́ńbà. Orúkọ ni mo rí, wọ́n tò ó láti A lọ: ẹni tó ń rán aṣọ fún mi, ìyàwó ààfáà tó kọ́ mi ní kéú, ìyá onímọ́ínmọ́ín, obìnrin kan tí ilé wọn wà ní Ìkòyí ẹ̀gbẹ́ Àpòmù tí a jọ ka ìwé mẹ́fà. Ìka mi dúró lókè orúkọ wọn. Mi ò tẹ ìkankan. Allah ló jẹ́rìí mi.

Mo padà sẹ́yìn, mo tún oríkì ìyá mi kọ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe máa ń kọ ọ́, láìsí àmì, láìsí kíkán. Lójú ẹsẹ̀, èsì jáde. Ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n ṣe? Kí ìyá mi tó lè wọlé síbẹ̀, ó di dandan kí wọ́n bọ́ oríkì rẹ̀ síhòhò. Ẹ bọ́ kẹ́ láṣọ, ìkẹ́ ti lọ. Ohun tó kù ò ju kí ènìyàn ké lọ.

Òótọ́ sì ni. Àrùn ẹ̀dọ̀ wà lára rẹ̀. Mo kà á fún un. Ó ní, "Óò." Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní, "Ṣé dòdò mi ló ń gbé e fún àwọn ènìyàn?"

Mi ò mọ̀. A lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba láti béèrè. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn ṣe sùúrù gan-an. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ló ń gbé irú èyí tó wà lára ìyá mi kiri. Kì í gba inú oúnjẹ ràn, kì í gba inú ife tàbí ìbọwọ́ ràn. Ó ní kó máa wá fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lóòrèkóòrè, kó má sì gba àgbo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Ẹ máa dín dòdò yín lọ, Ìyá," ó ní. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé nọ́ọ̀sì sí etí títì kó máa sọ ọ́ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan? Orúkọ àrùn náà nìkan ti tó láti lé ènìyàn. A fi ẹnu ara wa pè é ní ohun tó ń jẹ ẹ̀dọ̀. Ta ló fẹ́ rà á mọ́ dòdò?

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ilé àyẹ̀wò náà. Ọkùnrin méjì ló wà ní ọ́fíìsì: máníjà wọn, àti bàbá kan tó ti ń hewú tó ṣe ìkànnì náà fún wọn. Mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ tẹ oríkì Mama?" bàbá náà bi mí.

"Mo tẹ̀ ẹ́, sà."

"Kò ṣí?"

"Kò ṣí, sà. Ó bì."

Mo fi hàn án lórí fóònù mi. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Àmì wo lẹ fi sí i yìí?"

"Èyí tó wà lórí rẹ̀ ni, sà."

"Ta ló ń fi àmì sórí Yorùbá lórí fóònù? Ẹ̀yin lẹ fà á, madam. Ẹ̀rọ ò retí àmì."

"Ẹ béèrè oríkì lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá, sà, ẹ ò sì retí Yorùbá?"

Máníjà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ká fi gírámà sílẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé ta ló ní kí ẹ wọ fódà wa? Ẹ ti háàkì wa nìyẹn."

"Àmì ohùn ni mo fi háàkì yín?"

"Ẹ wọlé láìgba àṣẹ."

"Ẹ gbọ́, sà," mo ní. "Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yín tí mo ní àgò o, tí ẹ ní àgò yà, tí mo wá wọlé, ṣé mo fọ́ ilé yín? Ẹ̀rọ yín kò tilẹ̀ dúró kí n sọ àgò. Fúnra rẹ̀ ló júwe yàrá."

Bàbá onígíláàsì yẹn rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé kò yẹ kí òun rẹ́rìn-ín. Máníjà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn yóò ṣe ìwádìí. Mo bi í pé ṣé wọn ò kọ́kọ́ ní ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣèwádìí. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí wọn. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, mo sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́. Mo ní oríkì kì í ṣe àṣírí. Mo ní kò yẹ kí ẹ̀rọ tó kọsẹ̀ máa ka ìtàn ilé fún àlejò. Mo ní fódà tí èsì ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo ayé. Mo ní ìyá mi ni wọ́n ṣẹ̀, òun sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Wọ́n yọ ìbéèrè oríkì kúrò, wọ́n sì fi òmíràn dípò rẹ̀: "Ìlú wo ni wọ́n ti bí yín?" Mo búra fún yín. Ní Ìkirè, níbi tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Fódà náà kò sì tíì padé. Mo tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, orúkọ àwọn ènìyàn tún jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà olóǹtẹ̀ pupa dé, bébà mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí, pé mo jẹ́wọ́ pé mo wọ ẹ̀rọ wọn, n kò sì ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́.

Máníjà pè mí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Àǹtí, ẹ fọwọ́ sí i ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. A máa tún èsì Mama ṣe, a máa fún wọn ní káàdì tuntun tó mọ́ tónítóní. Wọ́n á gbé e kọ́ sí ìsọ̀ wọn. Ta ló tún máa sọ̀rọ̀?"

N kò ní purọ́ fún yín: mo rò ó. Mo rí káàdì náà lójú ọkàn mi, nínú gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. Mo rí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń dúró. Mo gbé bébà náà lọ bá ìyá mi, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò.

Ó gbọ́ mi tán. "Káàdì yẹn á ní kò sí nǹkan lára mi?"

"Ohun tó máa sọ nìyẹn, Màámi."

"Ó sì wà."

"Ó wà."

"Wọ́n kọ́kọ́ fi òótọ́ mi bú mi níta, wọ́n wá fẹ́ kí n fi irọ́ wọn bo ara. Kí ìwọ náà sì di olè lé e." Ó na bébà náà padà sí mi. "Gbé e kúrò níwájú mi. Ọjọ́ wo ni ìpàdé àwa olóúnjẹ?"

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì ní ọjọ́ Jímọ̀ ni ìpàdé wọn. Mo tẹ̀lé e lọ. Nígbà tó wọlé, obìnrin méjì sún lọ sí apá kejì bẹ́ǹṣì. Ìyá mi kò jókòó.

"Ẹ kú ìpàdé o. Ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi, mo ní kí n wá bá yín sọ ọ́, kí ó má baà wọ́. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni wọ́n rí lára mi. Kì í gba inú oúnjẹ ràn. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ẹ̀yin náà lè lọ béèrè. Ìyẹn ni tèmi. Ọmọ mi fẹ́ sọ tiyín fún yín."

Mo dìde. Mo sọ fún wọn pé ibi tí tìyá mi ti jáde, tiwọn náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà, fún ẹnikẹ́ni tó bá lè tẹ fóònù. Ìyá onímọ́ínmọ́ín, tí mo mọ̀ pé ó wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ ìyá mi kiri, sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú.

"Tèmi náà wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ṣé o ṣí i?"

"Mi ò ṣí i, mà."

"Má ṣí i o, ọmọ dáadáa. Jọ̀ọ́, má ṣí i." Ó yíjú sí ìyá mi, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá mi ní, "Jókòó, jàre. Àárọ̀ ọ̀la la ń lọ."

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ọ̀nà ilé àyẹ̀wò náà fi kún fún obìnrin. Ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀, olóúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀, àwọn kan gbé ìjókòó tiwọn dání. Máníjà ní ẹni kan ṣoṣo ni kó wọlé wá ṣojú àwọn yòókù. "Kí ló dé?" ẹlẹ́kọ kan dá a lóhùn. "Nígbà tí ẹ kó gbogbo wa síta, ṣé ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ mú?" Ẹ̀rín bú. Bàbá onígíláàsì nìkan ló rí i pé kò sí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, a sì dúró tì í títí ó fi ní òun ti pa á dé.

Mi ò gbà á gbọ́. Mo tẹ àdírẹ́sì náà níṣojú gbogbo wọn.

"Kí ló sọ?" wọ́n ń bi mí. "Kí ló sọ?"

"Ó ní mi ò láṣẹ láti wọlé."

Alhamdulillahi gba ẹnu wọn. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti lé mi rí tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gba èsì rẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, wọn yóò sì fi fún un lọ́wọ́ nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa.

Ohun tó kù pọ̀. Wọn ò tíì bẹ ìyá mi. Ohun tí àwọn ènìyàn ti rí kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà á padà kúrò lójú wọn, àwọn oníbàárà kan sì ti lọ pátápátá. Wọ́n ṣì ń fi bébà yẹn ránṣẹ́ sí mi, pé kí n fọwọ́ sí i. Mi ò fọwọ́ sí i. Wọ́n lè lu òǹtẹ̀ alárànbarà mẹ́wàá mọ́ ọn.

Ìyá mi tún dáná. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀lé e nígbà tí awakọ̀ kan rọra dúró, tó yọ orí jáde láì pa ẹ́ńjìnnì.

"Mama, dem say sickness dey your dòdò o."

Ìyá mi kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èrò inú ọkọ̀ ń wò ó. Ó yí èyí tó wà nínú epo, ó gbọn epo ara ìgbakọ rẹ̀ nù.

"Ara mi ló wà," ó ní. "Kò sí lára dòdò. Mélòó lo fẹ́?"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo àwọn èrò rẹ̀. Obìnrin kan láti ìjókòó ẹ̀yìn ti ń na owó jáde lójú fèrèsé.